Ọkọ̀ Tí Mi Ò Ṣe Àmín Sí

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásàrì.

Gàníyù Àjàní mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi gbó,

Kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Wárí, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti ròyìn fún ọ pé ìyá rẹ kọ àdúrà níwájú gbogbo àdúgbò. Òótọ́ ni. Àdúrà tí wọ́n ń ṣe lórí ọkọ̀ tí o fẹ́ rà, mi ò ṣe àmín sí i. Gbogbo wọn yíjú wò mí, mo pa ẹnu mọ́. Ìyá Ṣàkírù tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní òun ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti dáyé. Èmi náà ò rí irú rẹ̀ rí. Nítorí náà, wá ibì kan jókòó sí, kí o ka ìwé yìí dé ìparí kí o tó bínú sí mi. Ó máa gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá kọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Láti ọjọ́ tí àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté ti gbà ọ́ síṣẹ́, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní ọjà Bọ́ńdárì. Bí oníbàárà bá ń ná òkìrìkà mi ní ìnákúnàá, màá ní kó rọra, ìyá ọ̀gá èbúté ló ń bá sọ̀rọ̀. Má ṣe rò pé inú mi ò dùn sí ìtẹ̀síwájú rẹ. Inú mi dùn débi pé àwọn ará ọjà ti ń sá fún mi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí nìkan ni ara ń fu mí sí.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. O ní o rí bọ̀gìnì kan ní Àpápá, ní ọgbà tí Bọ̀ọ̀dá Lánre ti ń ta tòkunbọ̀. O ní awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, pé bí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní gbọ́ ariwo tírélà mọ́. O ní ó ti rìn púpọ̀ nílùú òyìnbó, pé aago tó ń ka máìlì níwájú awakọ̀ ti lọ jìnnà, àti pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ tó ohun tí ọwọ́ rẹ lè tó. O wá kọ ọ́, o sì fa ìlà sí i nídìí, pé olóòótọ́ èèyàn ni Bọ̀ọ̀dá Lánre, nítorí pé kò yí aago náà sẹ́yìn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń ṣe. O ní yóò gbé ọkọ̀ náà wá sílé kí n rí i, kí n sì fi àdúrà sí i. Bí o bá wálé ní ìparí oṣù, wàá sanwó.

Ibi tí o fa ìlà sí yẹn ni ojú mi dúró sí.

O mọ̀ pé òkìrìkà ni mo fi tọ́ ọ. Mi ò lè máa fojú kéré ohun tí ẹlòmíràn ti lò, nígbà tó jẹ́ pé òun la jẹ, òun la sì wọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo mọ̀ nípa àwọn tó ń ta béèlì òkìrìkà fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ ta béèlì burúkú fún mi kì í sọ pé kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ni yóò fa ẹ̀wù kan jáde, yóò fi ihò kékeré kan hàn mí: “Ìyá Gàníyù, mi ò fẹ́ tàn yín jẹ o, ẹ wo eléyìí, ó ti ya.” Ara mi á wá balẹ̀. Màá gbé béèlì, màá máa dúpẹ́. Ìgbà tí mo bá tú u nílé ni màá tó rí i pé àkísà ló kún ìsàlẹ̀. Ihò kan yẹn ló fi rí mi mú. Bọ̀ọ̀dá Lánre ti sọ òtítọ́ kan fún ọ. Lẹ́yìn òtítọ́ yẹn, kí lo tún bi í? Mo wá a nínú lẹ́tà rẹ, mi ò rí i.

Ó gbé ọkọ̀ náà dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ní àsìkò gan-an tí àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, tí ẹsẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò. Mi ò gbà pé ó ṣèèṣì. Ó rọra wọlé, ó ń tẹ fèrè díẹ̀díẹ̀, ó wá gúnlẹ̀ sí iwájú ilé wa, lẹ́bàá gọ́tà. Àjàní, kí n má parọ́, ọkọ̀ náà dára. Dúdú ni, ó ń dán, mo rí gèlè mi lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkàn mi fò. Mo rí ara mi ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí o wà mí dé Ìsẹ́yìn nígbà Iléyá, tí àwọn àbúrò bàbá rẹ ń sáré bọ̀ láti wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Inú rẹ̀ wù mí wọ̀ gan-an, mi ò sì wọ̀ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Lánre bọ́ sílẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn.

“Màámi, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín fẹ́ fi dá yín lọ́lá.”

Ẹni tó bá fi aṣọ funfun dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn Ajégúnlẹ̀, ó ti mọ ẹni tó máa san owó ọṣẹ. Mo ní kó dìde. Mo bi í pé ta ló ń lo ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

“Bàbá àgbà òyìnbó kan ni, Màámi. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọ̀nà míì, rárá.”

“Ọmọ mi kọ̀wé pé aago rẹ̀ ti lọ jìnnà.”

“Ó ti lọ jìnnà, Màámi. Mi ò kì í parọ́.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló wá jìnnà tó báyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó tún fọwọ́ gbá itan. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín tán kó lè dá mi lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì.

Mo ní ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Ó ní ìwé ń bọ̀, kò sí wàhálà. Mo ní ṣé ọkọ̀ ojú omi tó gbé ọkọ̀ wá kọ́ ló gbé ìwé rẹ̀ ni? Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní, “Ẹ gbà, Màámi, ti yín ni.” Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ìró mi mú. Nígbà tó rí i pé mi ò ní gbà á, ó gbé e sórí fèrèsé.

“Ẹ jẹ́ kó sùn síbí. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni màá padà wá. Kí ẹ lè dán an wò dáadáa.”

“Ta ló fẹ́ dán an wò? Èmi tí mi ò lè gun kẹ̀kẹ́?”

Ó ti lọ kí n tó sọ ọ́ tán. Ọ̀kadà kan ló gbé e.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Àjàní. Kì í ṣe ìgbà tó ń dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ ni. Àwọn aládùúgbò ló fi ṣe ọmọṣẹ́, láìsan kọ́bọ̀ fún wọn.

Ẹ́fẹ́, ará ilé wa tó ń fi wẹ́dà jó irin ní Snake Island, ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wá pariwo: “Mama Gani, congratulations! We go wash this motor today o!” Ìyẹn ni pé kí n ra ọtí àti mínírà fún gbogbo ilé. Ìyá Ṣàkírù jáde, ó ṣí apá méjèèjì: “Ẹ kú oríire! Ọlọ́run á fi èyí fa tuntun wá!” Mo ní, “Kì í ṣe tiwa o. Wọ́n kàn gbé e síbí ni.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ. Ìyá Ṣàkírù wá sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ fi pamọ́ fún ayé.” Bí mo ti ń sẹ́ ẹ tó ni ọ̀rọ̀ náà ń dájú sí i lójú wọn. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan rí nínú ilé yìí kan náà.

O rántí ọkọ̀ bàbá rẹ. O rántí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. O ṣì ń sọ fún Fọlákẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ pé ẹ ti ní ọkọ̀ rí nígbà tí o wà lọ́mọdé, pé ó ní àga aláwọ̀ pupa. O ò mọ bó ṣe di tiwa. Mo dákẹ́ lórí rẹ̀ nítorí ọlá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Akọ̀wé ni bàbá rẹ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá nígbà yẹn. Ó ti ń tọ́jú owó ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Ọ̀jọ́. A ti lọ wo ilẹ̀ náà, mo tiẹ̀ ti mọ ibi tí ilé ìdáná máa wà. Ọkùnrin kan wá bá a nípa ọkọ̀ kan tó ti lò, ọkọ̀ ọ̀gá ni lóòótọ́, ó sì ti rìn káàkiri. Bàbá rẹ ní òun máa kọ́kọ́ mú mẹkáníìkì lọ wò ó. Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, òun máa gbé e wá sílé kí mẹkáníìkì wò ó níbẹ̀. Ó gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mẹkáníìkì ò ráyè títí di ìparí ọ̀sẹ̀.

Kí mẹkáníìkì tó dé, àfáà ti ṣàdúrà sí i. Àwọn ará Ìsẹ́yìn tó wà ní Amùkòkò ti rọ́ wá pẹ̀lú ẹbí wọn. Lańdílọ́ọ̀dù ti pe bàbá rẹ ní “ọlọ́kọ̀” lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn èèyàn. Àwọn ọmọdé ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ìwọ sì sùn sínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Èmi gan-an, àmín mi ló ròkè jù. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó fa bàbá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá rẹ padà wá bá wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ náà dára. Ọjọ́ kejì ló sanwó.

O rántí ìrìn àjò Iléyá yẹn, tí ọkọ̀ náà kú sí Ìbàdàn, tí a fi ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ata parí rẹ̀. O máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ìwọ lo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ dùn. Bàbá rẹ ò sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn. Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sí Èkó, ó dùbúlẹ̀ síwájú ilé títí Ìyá Ṣàkírù fi ń sá aṣọ lé e, títí ewúrẹ́ fi bímọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ra ilẹ̀ Ọ̀jọ́. Yàrá kan ṣoṣo tí a wà nígbà náà ni mo wà títí di òní.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀, ní ọjọ́ kan tí ara fúyẹ́ díẹ̀, ó pè mí. Ó ní, “Ìyá Gàníyù, mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ò dáa kí n tó sanwó rẹ̀. Mẹkáníìkì sọ fún mi.”

Mo ní, “Kí ló wá dé tí ẹ fi san án?”

Ó ní, “Àdúrà ti pọ̀ jù lórí rẹ̀.”

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún pípẹ́. Báwo ló ṣe fẹ́ jáde sí ojúde, kó sọ fún àwọn tó ti bá a gbọ́wọ́ sókè pé òun dá oríire padà? Wọ́n á ní owó ló wọ́n ọn. Wọ́n á ní àdúrà àfáà ò gbà. Ó rọrùn fún un láti pàdánù ilẹ̀ ju kó rí ojú àwọn èèyàn yẹn lọ. Ọkùnrin tó tà á fún un mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ìdí tó fi gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Ṣé ó ti yé ọ ìdí tí Bọ̀ọ̀dá Lánre fi fẹ́ kí ìyá rẹ kọ́kọ́ rí ọkọ̀? Ìwọ lo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo jáde láti gbálẹ̀, mo bá Bọ̀ọ̀dá Lánre níbẹ̀ tó ti mú kọ́kọ́rọ́ lórí fèrèsé, tó ti ṣáná sí ọkọ̀, tó jẹ́ kó máa gbóná. Ó ní òun kàn ní kí òun yà kí mi ni. Láti Àpápá, ní àárọ̀ kùtùkùtù? Mo rí ohun dúdú kan nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Bí ó ti ń bi mí nípa ara mi ló ń fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn bò ó. Ó tún gbé lọ́fínńdà tuntun kọ́ sí iwájú gíláàsì, ó wá dá kọ́kọ́rọ́ padà sórí fèrèsé. Béèlì tó bá ń ta sánsán, mo máa ń bi ara mi pé òórùn kí ni wọ́n ń lé.

Mi ò mọ ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó bò ó.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni mo fẹ́ sọ yìí. Fọlákẹ́ wá ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ibi tí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń ṣe ìdánrawò ní Amùkòkò ló ti ń bọ̀, ó ní kí òun yọjú sí mi. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pariwo lé e lórí: “Ìyàwó onímọ́tò! Madam!” Ó rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá béèrè.

“Mà, ọkọ̀ ta ni? Wọ́n ní Gani ló rà á.”

“Kò tíì rà á. Ó fẹ́ rà á ni.”

Ó jókòó sórí béèlì.

“Mà, ṣé owó rẹ́ǹtì wa ni?”

Mo ní mi ò mọ̀. O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà ibi tí owó náà ti máa wá. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń kó o jọ fún fúláàtì ní Sùúrùlérè, pé òun ti sọ fún lańdílọ́ọ̀dù pé ẹ̀ ń bọ̀. Kò sunkún. Kò bú ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó wà nílẹ̀, aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀, ó ń tú u, ó ń tún un ká. Nígbà tó ń lọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde kó má baà kọjá lára ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn, Àjàní. Bí ó bá jẹ́ pé owó fúláàtì ni, tí o sì ń fi pamọ́ fún un, a jẹ́ pé o ti ń kọ́ iṣẹ́ lára Bọ̀ọ̀dá Lánre.

Ó yá, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ọ kú oríire lórí ohun tí o ò tíì rà. Ọkọ̀ ni o, ilẹ̀ ni o, ilé ni o. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e wá sílé fún ọ, ní o dúpẹ́, ìwọ lo máa lọ bá a níbi tó wà. Lọ wò ó ní ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́, kí o lè yí ẹ̀yìn padà láìsí ẹni tí wàá dáhùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, lọ bá a ní àárọ̀ kí olówó rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án. Fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, kí o rí i pé ó tutù. Ìwọ ni kí o ṣáná sí i. Mú mẹkáníìkì tìrẹ lọ, ẹni tí Bọ̀ọ̀dá Lánre ò mọ̀, ẹni tí kò ní rí nǹkan kan jẹ yálà o rà á tàbí o ò rà á. Bí mẹkáníìkì bá fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe fa bàbá rẹ, gbọ́ ohun tó bá sọ, kí o sì ṣe é.

Mi ò ka nọ́ńbà mọ́, ọ̀rọ̀ ti ń wọ inú ara wọn. Ọkọ̀ ọlọ́lá tó ti rìn jìnnà, owó tí wọ́n ń tà á ló wálẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe ò bá a wálẹ̀. Àwọn tó ń ta irin rẹ̀ ò mọ̀ pé o rà á ní gbàǹjo. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ olówó ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ ní Wárí, òun ní iwájú ilé mi, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Bí ìwé rẹ̀ ò bá sì sí lọ́wọ́ rẹ, tí o fi ojú rẹ kà á, tí o mú un lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà jù ọ́ lọ, má fi owó rẹ sílẹ̀. Má gba “ìwé ń bọ̀” lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ̀wé sí Fọlákẹ́ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Sọ ibi tí owó náà ti máa wá fún un. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó, tí ẹ ní ọkọ̀ lẹ fẹ́ dípò fúláàtì, mi ò ní sọ nǹkan kan. Èmi ni mo bí ọ, òun ló máa bá ọ gbé.

Kí o sì bi ara rẹ léèrè ẹni tí o fẹ́ kó rí ọ nínú rẹ̀. Mo ń fura pé èmi wà lára wọn. O fẹ́ wá gbé mi. O fẹ́ kí àwọn tó rí wa lórí ọkọ̀ ata rí wa báyìí. Mo mọ̀ ọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò sunkún nítorí ọkọ̀ yẹn rí. Yàrá kan ṣoṣo tí a ò kúrò nínú rẹ̀ yìí ni mo sunkún lé lórí.

Ó kù ti òwúrọ̀ yìí.

Bọ̀ọ̀dá Lánre dé, òun nìkan kọ́. Ó mú ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù gígùn dání, mi ò tíì mọ̀ títí di ìsinsìnyí bóyá àfáà ni tàbí wòlíì. Ó ṣe Bísímílà, ó tún ṣe Halelúyà, kí ẹni kankan má baà kù síta. Àwọn èèyàn ti yọ. Ẹ́fẹ́ ti to àga. Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú, mo bọ́ síwájú. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé ọkọ̀.

“Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí jàǹbá rẹ̀.”

“Àmín!”

“A ó fi ra ilé.”

“Àmín!”

“Ìyá yìí á jẹun ọmọ.”

Gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ń retí tèmi. Àjàní, àdúrà tí mo ti ń gbà láti ọjọ́ tí mo bí ọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbà á fún mi rí tí mi ò dá a lóhùn, kódà àwọn alágbe ojú ọ̀nà. Àmín náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Bọ̀ọ̀dá Lánre ní, “Màámi, ẹ ò ṣe àmín.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun o. Ọkọ̀ yín lẹ ṣàdúrà fún, kí Ọlọ́run bá yín tà á. Ọmọ mi ò tíì ra ọkọ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Bọ̀ọ̀dá Lánre, mo sì rí ojú rẹ̀ gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Ẹ dójú tì mí, Màámi. Níwájú èèyàn báyìí?” Mo ní kó má bínú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí fèrèsé níbi tó gbé e sí. Ó mú un. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ dùn, ó rọra yí padà, ó lọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ó kọ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ gidi ni. Ó lè jẹ́ pé mo fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ́fẹ́ kó àga rẹ̀ wọlé, kò wojú mi. Ìyá Ṣàkírù ò tíì kí mi láti àárọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ìdí kànga ní bóyá orí mi ti ń dàrú. Ojú ń tì mí, Àjàní. Àtàárọ̀ ni mo ti wà nínú yàrá yìí, mi ò lè jáde lọ pọnmi.

Ṣùgbọ́n bí o bá dé ní ìparí oṣù, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú ilé tí ẹnikẹ́ni ti bá ọ gbàdúrà sí. Wàá lọ sí Àpápá bí ẹni tí a ò mọ̀, wàá wò ó, wàá ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá bó ṣe wù ọ́. Bí o bá rà á lẹ́yìn ìyẹn, gbé e wá. Àmín tí mo gbé mì lónìí ṣì wà lọ́rùn mi, màá ṣe é débi tí wọ́n á fi gbọ́ ní Bọ́ńdárì.

Bàbá rẹ ò rí ẹni tó bá a kojú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Ìwọ rí mi. Ojú tí ì bá tì ọ́ ti tì mí, kò kù fún ọ mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń dúró de èsì.